Ilé Tútù ní Ilẹ̀ Ọ̀tà

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta láti Èkó wá, tí ó dé Sango, tí ó sì yà sí ọ̀nà Ìdírókò, kò ní ṣàì rí i bí ilé tuntun ti ń hù káàkiri ilẹ̀ Ọ̀tà bí olú tí ń hù lẹ́yìn òjò. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ó pe ọ̀pọ̀ ènìyàn wá. Owó ilẹ̀ àti owó ilé ní Èkó, tí apá kò ká mọ́, ni ó sì lé àwọn mìíràn wá bá wọn. Olùkọ́, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àti oníṣòwò, olúkúlùkù ń fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí ilé yóò fi dúró. Ohun ìyìn ni èyí, nítorí ẹni tí ó kọ́lé ti ní ibi tí yóò máa forí pamọ́ sí, ọmọ rẹ̀ sì ti ní ibi tí yóò máa tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí ó yẹ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí, àti ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, jọ rò: èé ṣe tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tuntun wọ̀nyí fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí onílé kò fi lè sùn nínú wọn láìsí ẹ̀rọ?

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ilé tí à ń kọ́. Ògiri rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì tí inú rẹ̀ ṣófo. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí àjà tí kò nípọn. Etí òrùlé náà sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi ń wọ inú yàrá tààrà. Fèrèsé gíláàsì tí ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì rẹ̀ nìkan ni ó lè ṣí nígbà kan. Igi tí a bá lórí ilẹ̀, a ti gé e lulẹ̀ kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, a sì ti fi símẹ́ǹtì tẹ́ àgbàlá pátápátá. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá ta sórí irú ilé bẹ́ẹ̀, páànù a gba ooru, a fi í fún àjà, àjà a sì fi í fún àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé tí ó yẹ kí ó jẹ́ ààbò a wá di ààrò tí a fi ọwọ́ ara wa mọ yí ara wa ká.

Ohun tí ó ń tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Onílé a ra fáànù. Nígbà tí apá fáànù kò bá ká a mọ́, a ra ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí iná bá sì lọ, a ra ẹ̀rọ amúnáwá. Láti ọjọ́ náà lọ, owó oṣù rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn oníbàárà tí a pín sí ipò kìíní, tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, rí i tí owó ìwọ̀n iná kan gòkè láti nǹkan bí 68 náírà dé 225 náírà. Owó nìkan kọ́ ni à ń san. Nínú èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tí a ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tí ó sùn tì í tí ilẹ̀ kò sì mọ́ bá wọn. Òfin Mósè pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wà lọ́rùn rẹ̀. Bí a bá ro òfin náà wò dáadáa, a ó rí i pé ẹni tí ó kọ́lé ní ẹjọ́ ẹ̀mí àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀ láti jẹ́.

Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ, síbẹ̀ wọ́n sùn. Ògiri amọ̀ wọn nípọn. Koríko tàbí ewé tí wọ́n fi bo ilé kì í gba ooru bí páànù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó dúró láàárín yàrá àti oòrùn. Àgbàlá tí ó wà láàárín agbo ilé sì ni ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. A kò wí pé kí a padà sínú ilé wọn bí ó ti rí. Yàrá ibẹ̀ ṣókùnkùn, èéfín ìdáná kò rí ọ̀nà jáde, iná a máa jó òrùlé koríko, òjò a sì máa jẹ ògiri. Ohun tí a wí ni pé wọ́n fi ojú ọjọ́ ilẹ̀ yìí ṣe olùkọ́, nígbà tí àwa kọ olùkọ́ náà sílẹ̀ tí a kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bá ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé rìn láti orí ilẹ̀ dé orí òrùlé, kí a wo ohun tí ó lè ṣe.

Kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ó mọ ibi tí ilé yóò kọjú sí. Ọ̀tà kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dúró sí àtàrí. Ògiri tí ó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, etí òrùlé tí ó gùn díẹ̀ tó láti ṣíji bò ó. Ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ a máa wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sí etí òrùlé tí ó lè dá a dúró. Kí gígùn ilé náà lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí ìbú rẹ̀ nìkan kọjú sí ìhà méjèèjì wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni kí a sì fi ilé ìwẹ̀ àti yàrá ẹrù sí. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ bá wa ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún ń ti ìhà òkun wá, láti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Ọyẹ́ ni ó ń ti àríwá wá. Fèrèsé tí ó dojú kọ ara wọn ní gúúsù àti àríwá yóò gba ti òkun wọlé, yóò sì jẹ́ kí ó rí ibi jáde.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ògiri. Àwọn ará Ọ̀tà kò ní láti rìn jìnnà wá ìmọ̀ lórí èyí. Lójú ọ̀nà Ìdírókò níhìn-ín ni yàrá ìwádìí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀ràn ilé kíkọ́ àti ọ̀nà wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1978 tí a sì mọ̀ sí NBRRI. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí ń tẹ ilẹ̀ pupa di búlọ́ọ̀kù. A ó po ilẹ̀ náà mọ́ símẹ́ǹtì díẹ̀, bí ìdá kan nínú ogún. A kò ní fi igi sun ún, omi àti ìbòji ni yóò mú un le. Búlọ́ọ̀kù náà ń wọ inú ara wọn, tí ó fi jẹ́ pé símẹ́ǹtì tí a bá fi lẹ̀ wọ́n pọ̀ kò tó nǹkan. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó dára fún un, a ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sì ń fẹ́ ìpìlẹ̀ tí ó ga sókè díẹ̀ àti etí òrùlé tí yóò lé òjò jìnnà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò ṣófo. Ooru ọ̀sán ń la inú irú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ alẹ́ tí ó gba ojú fèrèsé wọlé yóò sì gbá èyí tí ó kù jáde.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni òrùlé, nítorí òun ni oòrùn ń bá jà jù. Bí ó bá jẹ́ páànù ni a ó lò, kí àwọ̀ rẹ̀ funfun tàbí kí ó mọ́lẹ̀, kí ó lè dá oòrùn padà. Páànù dúdú àti páànù pupa tí ojú ń fẹ́ràn lóde òní a máa gbà á mọ́ra. Kí àyè wà láàárín páànù àti àjà, kí a sì dá ihò sí ìhà méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbá ooru ibẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, fèrèsé lúfà àtijọ́ tí ń ṣí tán sàn ju èyí tí ń ṣí ní ìdajì. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kí a dá igi sí. Kì í ṣe àṣìṣe ni àwọn baba wa fi gbin igi ọdán sí iwájú ààfin àti sí inú ọjà.

Ìgbà tí a bá ṣe gbogbo ìwọ̀nyí tán ni ó tó kan ẹ̀rọ. Fáànù àjà kan ń lo nǹkan bí 75 wáàtì. Amúlétutù tí ó kéré jù ń lo ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ tutù fúnra rẹ̀ lè fi sólà kékeré àti bátìrì mélòó kan tan iná, kí ó sì fẹ́ fáànù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tí ó bá sì gbé sólà lé orí ilé tí ó gbóná yóò ra bátìrì títí owó yóò fi tán, ooru kò sì ní tán.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò wí. Àwọn kan yóò wí pé pulọ́ọ̀tì kéré, kò sì sí ẹni tí ó lè yí ilé padà lórí rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè yí ilé padà lè yí yàrá padà, ó sì lè gùn etí òrùlé. Àwọn mìíràn yóò wí pé olè àti ẹ̀fọn ni ó ń mú wọn ti fèrèsé. Irin àti nẹ́ẹ̀tì wà fún ìwọ̀nyí. Ìdí kan ni ó jinlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, bí a kò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ jáde: ojú ń tì wá fún amọ̀. A ti pinnu lọ́kàn pé símẹ́ǹtì ni ilé ọ̀làjú, amọ̀ sì ni ilé akúṣẹ̀ẹ́. Àní ẹni tí ó jẹ gbèsè kí ó tó kan òrùlé kò jẹ́ jẹ́ kí a gbọ́ pé ilẹ̀ pupa ni ó fi mọ ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1960 ni a ti ń ṣe símẹ́ǹtì ní Ewékorò, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn láti rà.

Àwọn tí kò tijú amọ̀ ti gba ẹ̀yẹ lójú gbogbo ayé. Ní ọdún 2001, Francis Kéré ọmọ Burkina Faso fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí abúlé Gando tí a bí i sí, ó sì gbé páànù rẹ̀ sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá; ní ọdún 2022 ni a fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, tí kò sí èyí tí ó ju ú lọ nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Demas Nwoko, tí ó ya àwòrán ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, ti pẹ́ tí ó ti ń po ilẹ̀ pupa mọ́ símẹ́ǹtì. Ní ọdún 2023 ni àpérò àwọn ayàwòrán ilé ní Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ará Jámánì pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n kọ́ ilé mẹ́rin kan tí ó so mọ́ ara wọn ní Darmstadt ní ọdún 1991, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má béèrè iná ìyáná ní ìgbà òtútù, òtútù ilẹ̀ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè. Kì í ṣe àwòrán ilé wọn ni ó yẹ kí a kọ́, ìbéèrè wọn ni.

Kí ni ṣíṣe? Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí bí ilé tuntun yóò ti máa lo iná níwọ̀n, ó sì mẹ́nu kan ìwọ̀n fèrèsé, ìbòji rẹ̀ àti òrùlé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni fífi ọwọ́ sí àwòrán ilé wà, ìwé tí a kò sì fi ṣe iṣẹ́ kò sàn ju èyí tí a kò kọ. A rọ ẹ̀yin ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Àwórì, ẹ̀yin tí ilẹ̀ ń tọwọ́ yín kọjá, kí ẹ bá ìjọba sọ ọ́. A sì rọ̀ yín kí ilé tí ẹ óò tún kọ́, ìbáà ṣe gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé àlejò ààfin, jẹ́ ti ilẹ̀ pupa. Nítorí ohun tí ọba bá gbé wọ̀ kì í pẹ́ di aṣọ ìlú. Ìjọ àti mọ́ṣáláṣí lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé àwọn òjíṣẹ́ wọn. Ní ti àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, tí a sì ń rí wọn tí wọ́n ń tòògbé lábẹ́ páànù ní aago méjì ọ̀sán, iṣẹ́ wa ni láti rí i pé kò sí ọmọ tí yóò ka ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn nínú ìwé tán tí kò ní mọ èyí tí yàrá tirẹ̀ kọjú sí.

Ẹni tí ó ní àwòrán ilé lọ́wọ́ lónìí gan-an ni à ń bá sọ̀rọ̀ jù. Kí ó tó na okùn sí ilẹ̀, kí ó lọ dúró lórí ilẹ̀ náà ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó wo ibi tí oòrùn ń gbà, kí ó sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Kò ní ná an ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fò ó, yóò máa san án títí ọjọ́ tí yóò gbé nínú ilé náà.