Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: Ta Ni Yóò Pàdé Wọn Lẹ́nu Ọ̀nà?



Ẹni tó bá ń ti Woolwich lọ sí Thamesmead mọ odi gíga tí à ń sọ yìí. Wọ́n ṣí Belmarsh ní 1991, Isis ní 2010, Thameside ní 2012. Ọgbà ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ló fara ti ara wọn ní àdúgbò wa, ilé ẹjọ́ Woolwich sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí tí David Lammy gbé jáde ní 2017 fi hàn pé àwa aláwọ̀ dúdú kò ju nǹkan bí 3 nínú 100 lọ ní England àti Wales, ṣùgbọ́n nínú 100 ẹlẹ́wọ̀n, àwa la jẹ́ 12. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Púpọ̀ nínú wọn ni àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Láti October 2020 ni ìlànà ti wà pé kí adájọ́ wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bóyá ó dín ẹ̀bi ẹni náà kù. Òfin 1983 náà fàyè gbà á kí wọ́n gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí dókítà kò bá kọ̀wé, kí ni adájọ́ yóò wò?

Ẹ wo ìdájọ́ tí wọ́n ń pè ní IPP, tí kò ní ọjọ́ ìparí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, wọ́n fagi lé e ní 2012, àmọ́ wọn kò yọ àwọn tó ti wà nínú rẹ̀. Ní 2025, ó lé ní 2,000 ènìyàn tó ṣì wà lẹ́wọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Àìmọ ọjọ́ ìtúsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ba ọkàn jẹ́. Ní 2015, nínú ẹjọ́ Vowles àti àwọn mìíràn, ẹ̀rí àwọn dókítà ló jẹ́ kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ àwọn kan padà sí ti ilé ìwòsàn.

Àwọn kan ń bi wá pé, ṣé a ń gbè sẹ́yìn ọ̀daràn ni? Rárá o. Ìrora ẹni tí wọ́n ṣe níbi kò kéré lójú wa. Dókítà kì í purọ́ fún ẹlẹ́wọ̀n. Ohun tó rí ló ń kọ. Bí a bá sì fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹni tó jáde láìní oògùn, láìní ilé, láìní ẹni tó ń retí rẹ̀, kò ní pẹ́ padà síbẹ̀.

Ètò RECONNECT ti NHS máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ 12 kí ẹlẹ́wọ̀n tó jáde, ó sì lè bá a dé oṣù 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò lè di ìyá, kò sì lè di ẹgbẹ́. Àwọn Parole Board náà ń fẹ́ mọ ibi tí ẹni náà yóò gbé àti àwọn tí yóò dúró tì í.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọmọ nínú ọgbà, kó má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ kọ ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tó ti lò sílẹ̀, kí ẹ fún lọ́yà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilé òrìṣà kọ lẹ́tà òtítọ́ nípa ohun tí a lè ṣe fún un. Ẹ yéé pè wọ́n ní wèrè. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé nítorí ó ti rúbọ, kó da oògùn nù. Ọ̀sanyìn tó ni ewé kò bá oníṣègùn jà.

Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú wa wà níbẹ̀. Kí Orí wọn má ṣìnà ilé. Àṣẹ.