Ẹ Má Tíì Ta Oko: Lẹ́tà Ìgbàwọlé Nìkan Kọ́ Ló Ń Gbé Ọmọ Dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ń bi wá léraléra, ní Kétu, ní Sábẹ̀, títí dé Àjàṣẹ́. Bàbá tàbí ìyá yóò mú fóònù ọmọ rẹ̀ wá, yóò ní kí a bá òun ka lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀. Yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn gba ọmọ náà láti wá kẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì, ìyẹn master, nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tàbí ìmọ̀ òwò. Inú gbogbo ilé ti ń dùn. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n fẹ́ mọ̀: "Ṣé kí a ta oko yẹn?"

Ìdáhùn wa ni pé kí ẹ má tíì tà á.

A ò sọ pé kí ọmọ má lọ. Ẹ̀kọ́ náà dára. Master tó ń gba ọdún méjì lọ́dọ̀ wa, ọdún kan péré ni wọ́n fi ń parí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn kì í ṣe òpin ọ̀nà, ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, "bí" ló kún inú lẹ́tà náà: a óò gbà ọ́ bí o bá fi máàkì tó dára parí licence rẹ, bí o bá yege nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí o bá san àsansílẹ̀. Ìgbà tí gbogbo "bí" wọ̀nyí bá pé ni yunifásítì yóò tó fún ọmọ ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní CAS. Láìsí CAS, kò sí físà. Nítorí náà, alárinà tó gba owó ńlá lọ́wọ́ yín nítorí lẹ́tà àkọ́kọ́, ohun tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà ló tà fún yín. Orí ìkànnì yunifásítì gan-an ni wọ́n ti ń kọ̀wé béèrè. Àwọn kan ń gba owó ìforúkọsílẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í gbà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti to orúkọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó láṣẹ láti gba akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè sórí ìkànnì rẹ̀, gov.uk. Bí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ di owó yín mú.

Ọ̀rọ̀ owó ló wúwo jù. Owó ilé ẹ̀kọ́ fún master irú èyí lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 15,000 pọ́ùn. Ní àwọn yunifásítì tó lókìkí jù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọjá 35,000. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní 1,171 pọ́ùn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, fún oṣù mẹ́sàn-án, bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, 1,529 ni. Bí a bá ka pọ́ùn kan sí CFA 750, ilé ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kéré àti owó oúnjẹ níta Lọ́ńdọ̀nù ti di bíi mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún CFA. A ò tíì ka owó físà tó ju 500 pọ́ùn lọ, àti 1,164 pọ́ùn tí wọ́n ń gbà fún ètò ìlera. A ò sì tíì dárúkọ owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé wa ti ń kọsẹ̀ nìyí. Owó yẹn gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko láì dín, lórúkọ ọmọ náà tàbí ti òbí rẹ̀. Àwa ní ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n bàbá á dá owó, àbúrò ìyá á kó èsúsú rẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á fi kún un. Ọ́fíìsì físà kò mọ ẹ̀gbọ́n bàbá. Owó tó wà lórúkọ rẹ̀ kò níye lójú wọn, bó ti wù kó pọ̀ tó. Wọn kì í ka oko sí owó, wọn kì í ka màlúù, wọn kì í ka ọjà inú ṣọ́ọ̀bù. Bí mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kí owó wọn tètè wọ àpò òbí tàbí ti ọmọ, kí ó sì jẹ́ owó tí ọmọ yóò ná lóòótọ́. Ẹ yẹ ìwé ìbí ọmọ wò pẹ̀lú, kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti báńkì mu.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń yá ènìyàn lówó kí ó lè fi han ọ́fíìsì, kí wọ́n sì gbà á padà pẹ̀lú èlé. A bẹ̀ yín, ẹ sá fún wọn. Bí wọ́n bá rí i pé irọ́ wà nínú ìwé, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà fún ọdún mẹ́wàá. Bí wọn kò bá sì rí i, kí ni ọmọ yóò jẹ nígbà tó bá débẹ̀? Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹni tó lo físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ tí ẹ ní kí ó máa bá yín tà lè ba ìwé rẹ̀ jẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó lọ ka irú master yìí kò lè mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn díẹ̀ bí ẹni tí ìjọba ń san owó rẹ̀. Ọdún méjì tí wọ́n ń fún wọn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti fi wáṣẹ́ yóò di oṣù 18 fún àwọn tó bá béèrè láti oṣù kìíní ọdún 2027.

Ẹ tún bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́ kà. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìmọ̀ òwò. Ti àkọ́kọ́, ìṣirò ni egungun rẹ̀; ẹni tí licence rẹ̀ kò ní ìṣirò tó, wọ́n lè má gbà á. Master nínú ìṣàkóso òwò rọrùn láti wọ̀ ju ìyẹn lọ. MBA ní tirẹ̀, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ ni wọ́n ń wá. Gbogbo wọn ló ń béèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìdánwò IELTS, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fẹ́ 6.5 tàbí 7. Ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí Ìdíìrokò tàbí Ìlárá lè fi Gẹ̀ẹ́sì nájà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ọjà kò tó láti fi kọ ìwé ẹ̀kọ́. Gbogbo ìwé tó wà ní Faransé ni wọ́n gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà pọn dandan fún àwa tí a ń gbé ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Ọ̀nà míràn wà tí kò ní kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní bourse tí wọ́n ń pè ní Chevening. Ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, oúnjẹ àti ọkọ̀ òfuurufú, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Tógò sì lè béèrè fún un. Ẹni tó ti parí licence tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ni wọ́n ń fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ padà wá sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Láti bí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣí i, ọ̀fẹ́ sì ni. Tógò tún wọ ẹgbẹ́ Commonwealth ní ọdún 2022, nítorí náà kí àwọn ọmọ ibẹ̀ wo bourse ti Commonwealth pẹ̀lú. Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ fún ọmọ ní ọdún kan kí ó fi múra. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ má dúró de ọjọ́ ìdágbére kí ẹ tó ná owó: ẹ san owó kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àti ti ìdánwò fún àwọn ọmọ tó ń ṣe dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lọ́hùn-ún, ẹ sọ òótọ́ ìgbésí ayé ibẹ̀ fún àwọn tó kù nílé. Bí ọmọ bá yege nínú ìdánwò, tí ìdáhùn bourse ti dé, tí ẹ sì ti ṣe ìṣirò owó náà lórí ìwé, nígbà náà ni kí mọ̀lẹ́bí jókòó sọ ọ̀rọ̀ oko. Oko kò ní sá lọ. Owó tí ẹ bá fi lé alárinà lọ́wọ́ lónìí ni ẹ lè má rí mọ́.