Mẹ́nù inú kọ̀ǹpútà: ta ló ni ín gan-an, ẹni tó ṣe é ni àbí ẹni tó ń lò ó?

Ẹni tó bá dé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó, á rí àwọn tó jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ látorí fóònù ni wọ́n ń tún ṣe: ìlà òfìfo kún inú ẹ̀, lẹ́tà ńlá wà níbi tí kò yẹ. Iṣẹ́ kan náà, àìmọye ìgbà lójúmọ́. Bí wọ́n bá tẹ apá ọ̀tún máòsì, tí mẹ́nù kékeré yẹn yọ jáde, ohun tí wọ́n ń wá kì í sábà sí níbẹ̀. Èyí tí wọn ò lò rí láyé ló máa kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Irọ́ ni o.

Ká má parọ́, Microsoft lẹ́bi níbẹ̀. Nínú Word àtijọ́, títí dé ti ọdún 2003, ẹni tó bá wọ Tools, tó mú Customize, lè to mẹ́nù yìí bó ṣe wù ú. Nígbà tí Word 2007 dé pẹ̀lú ojú tuntun, wọ́n yọ àyè yẹn kúrò. Látìgbà náà, àfi ẹni tó bá mọ kóòdù bíi VBA kọ. Akọ̀wé mélòó ló mọ̀ ọ́n?

Ti Notepad++ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2003 ló jáde, orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì dára púpọ̀ fún fífọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ kó tó dójú ìwé. Ẹni tó bá lọ sí Settings níbẹ̀, tó tẹ Edit Popup ContextMenu, fáìlì contextMenu.xml ló máa ṣí sílẹ̀. Ohun tó wà nínú mẹ́nù náà ló tò síbẹ̀, ìlà kan fún ohun kan. Èyí tí kò wúlò, kó pa ìlà ẹ̀ rẹ́. Èyí tó ń lò jù, kó gbé e lọ sókè. Bó bá fẹ́ máa yọ ìlà òfìfo látibẹ̀, ohun tó máa kọ rèé:

<Item MenuEntryName="Edit" MenuItemName="Remove Empty Lines" ItemNameAs="Yọ ìlà òfìfo"/>

Ẹ wo ìparí ẹ̀ dáadáa. Yorùbá ló máa hàn nínú mẹ́nù yẹn o! Òyìnbó ni orúkọ méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́, bí Notepad++ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ṣì í kọ, kó má retí ẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun rárá, kó ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pa mọ́. Tó bá ti ṣe tán, kó ṣe Save, kó pa Notepad++ dé, kó tún un ṣí.

Àwọn tó mọ ọ̀nà àbùjá orí kíbọ́ọ̀dù máa ń fi àwọn onímáòsì ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí oníbàárà mẹ́ta dúró tì lọ́rùn, tí iná sì lè lọ nígbàkigbà, ibo ló ti fẹ́ ráyè máa há bọ́tìnnì mẹ́ta-mẹ́ta sórí?