Ìtẹ́ Ẹyẹlé àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Kó Sí Iwájú Rẹ̀

Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin Ìjòyè tí agboolé yín ṣì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹlé fi ń rí ibi bà sí, ti béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni ó fà á tí ọmọ ẹyẹlé òde òní fi ń ya arọ nínú ìtẹ́, tí ọ̀pọ̀ mìíràn sì ń kú kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ béèrè mọ́. Wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán, wọ́n ní ẹyẹlé ilẹ̀ wa ni kò lágbára, pé kí a pa wọ́n jẹ kí a sì lọ ra ti òyìnbó. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹyẹlé tí a ti wọ̀, oúnjẹ kò wọ́n wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì bàjẹ́; ibùsùn wọn ni kò dára. Ohun tí ó wu àwa ènìyàn láti sùn lé ni a ń tẹ́ fún ẹyẹ tí kò bẹ̀ wá. Èrò wa ni pé kí a dẹ́kun títẹ́ ìtẹ́ fún ẹyẹlé, kí a máa kó ohun líle tí ó gbẹ sí iwájú rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ilé ara rẹ̀.

Orúkọ ẹyẹ yìí ti fi hàn pé ẹyẹ ilé ni. Àdàbà ni ó ni oko; ẹyẹlé ni ó bá wa gbé. Nígbà tí a bá ń súre fún ara wa, a kì í gbàgbé bí ẹyẹlé ti ń kó ire wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi sùúrù jókòó wo akọ ẹyẹlé ní òwúrọ̀ yóò rí i pé ohun tí ó ń kó wọlé ní ti gidi ni ẹyọ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Yóò ṣà á, yóò mì í wò, bí kò bá wù ú yóò jù ú sílẹ̀, yóò sì mú òmíràn. Nígbà tí ó bá dé ìtẹ́, lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ ni ó sábà máa ń gùn kí ó tó fi igi náà lé e lọ́wọ́, bí a bá lè sọ pé ẹyẹ ní ọwọ́. Abo yóò gbà á, yóò sì tì í sí abẹ́ ara rẹ̀ níbi tí ó bá fẹ́. Báyìí ni wọn yóò máa ṣe fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Èwo nínú wa ni ó wá mọ ilé náà kọ́ jù wọ́n lọ?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí wọ́n fi ń wá ohun líle. Ẹyin méjì ni abo ń yé, tọkọtaya ni wọ́n sì ń sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 17 tàbí 18. Akọ ń jókòó ní ọ̀sán, abo ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọmọ tí wọ́n bá pa kò ríran, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní agbára kankan. Ṣùgbọ́n ó ń dàgbà kíákíá ju bí a ti lérò lọ. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ń yọ̀, bí pákó dídán tàbí ọpọ́n rọ́bà, ẹsẹ̀ kan yóò lọ sí ọ̀tún, èkejì yóò lọ sí òsì, àárín ọjọ́ díẹ̀ péré egungun yóò sì le sí ibi tí ó yà sí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jẹun, ó lè sanra, ṣùgbọ́n kì yóò dìde dúró mọ́. Ọmọ tí ó bá ní igi wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí ohun tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dì mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró lábẹ́ ara rẹ̀. Èyí ni arọ tí àwọn ènìyàn ń pè ní àìlágbára ẹyẹlé wa!

Ọ̀ràn ìgbẹ́ tún wà níbẹ̀. Ìyá ẹyẹlé kì í palẹ̀ ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ́ bí àwọn ẹyẹ mìíràn ti ń ṣe. Bí ìtẹ́ bá jẹ́ igi, ìgbẹ́ yóò bọ́ sí àárín wọn, yóò gbẹ, yóò sì so wọ́n pọ̀ bí amọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìtẹ́ ẹyẹlé tí ń gbé orí òrùlé ìgboro yóò fi máa le sí i bí wọ́n ti ń padà yé sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àkísà tàbí òwú ni a tẹ́ síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò fa omi mu, yóò sì máa rùn, yóò sì bu. Ohun tí ó bu a sì máa fọ́n lẹ́búlẹ́bú sínú afẹ́fẹ́, èyí tí ọmọ ẹyẹlé ń fà sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ títí yóò fi kú.

Àwọn kan yóò wí pé ó tó kí a tẹ́ igi náà fún wọn, kí a má fi wàhálà dá wọn lágara. Sí àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Lehrman ti Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1958 sí 1964. Irú àdàbà kan tí ó ní àmì dúdú yí ọrùn ká ni ó ń wò. Àdàbà kì í ṣe ẹyẹlé, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni. Nígbà tí ó gbé ẹyin sí iwájú àdàbà tí ó dá wà, kò kà á sí. Nígbà tí ó fi akọ àti abo sí ojú kan fún ọjọ́ mélòó kan, tí ó sì fún wọn ní koríko láti fi kọ́ ìtẹ́, lójú ẹsẹ̀ tí ó gbé ẹyin fún wọn ni wọ́n sàba lé e. Àwọn tí ó fi sí ojú kan láìfún wọn ní koríko lọ́ra ju àwọn wọ̀nyí lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe ìtẹ́ nìkan ni iṣẹ́ kíkó igi ń pèsè. Ó ń pèsè ara àwọn òbí náà pẹ̀lú. Ohun kan ń yí padà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn bí wọ́n ti ń kó o tí wọ́n sì ń tò ó. Ẹni tí ó bá tẹ́ ìtẹ́ sílẹ̀ pátápátá fún wọn gba iṣẹ́ tí ń sọ wọ́n di bàbá àti ìyá kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ní ti ohun tí a ó gbé ìtẹ́ lé, kò sí ohun tí ó tayọ amọ̀ tí a sun. Àwọn bàbá wa a máa dùbúlẹ̀ ìkòkò sí abẹ́ òrùlé kí ẹyẹlé lè yé sínú rẹ̀, àpáàdì, ìyẹn ìdí ìkòkò tí ó fọ́, sì tó láti fi ṣe àwo ìtẹ́. Àwọn ará Íjíbítì ń fi ìkòkò amọ̀ tò ilé ẹyẹlé gíga gíga títí di òní, àwọn tí ń sin ẹyẹlé ní ilẹ̀ Yúróòpù náà sì ń ra àwo amọ̀. Amọ̀ a máa fa ọ̀rinrin mu. Rọ́bà kì í fà á. Ó ya wá lẹ́nu pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú wa ń da àpáàdì sí ààtàn, wọ́n sì ń náwó lórí ọpọ́n rọ́bà láti fi ṣe ohun kan náà, èyí tí kò sì ṣe é dáadáa.

Nísinsìnyí, kí ni kí a kó sí iwájú wọn? Èyí tí àwa yàn ṣáájú ni ẹyọ ìgbálẹ̀, ìyẹn ọwọ̀ tí a là lára imọ̀ ọ̀pẹ. Ó le, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò tètè jẹrà, kò sì sí agboolé tí a kò ti rí ìgbálẹ̀ tí ó ti gbó. Kí a gé e sí gígùn ìka ọwọ́ kan tàbí méjì. (Kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí a fi gbá ilé ìgbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹlé kò ní bèèrè.) Nínú ilé ẹyẹlé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń tọ́jú, bí a bá da ìgbálẹ̀ àti koríko rírọ̀ sílẹ̀ pọ̀, ìgbálẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni koríko bẹẹrẹ, èyí tí a fi ń bo ààfin Aláàfin ní ayé àtijọ́, tí Ọ̀yọ́ sì fi sọ ọdún kan lórúkọ. Pòròpórò ọkà bàbà tí a là wẹ́wẹ́ dára pẹ̀lú. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ewé igi páìnì tí ó rí bí abẹ́rẹ́. Àwa ní irú rẹ̀ nínú igi tí a gbìn yí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ká, èyí tí ń súfèé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Kí a gbá èyí tí ó ti gbẹ tí ó sì ti jábọ́. Èèpo àgbàdo rọ̀ jù, ó sì ń gba omi dúró. Lẹ́búlẹ́bú tí ayùn àwọn agégẹdú ń tú sílẹ̀ a máa wọ ọmọ ẹyẹlé lójú àti lẹ́nu. Kí a fi sílẹ̀.

Ewu tí ó tóbi jù ni okùn. Ní ọdún 2019 àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ẹyẹlé ìgboro Paris tí ìka ẹsẹ̀ wọn ti gé. Okùn àti irun tí ó ń wé mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ti ń rìn nílẹ̀ ni wọ́n fura sí. Wọ́n rí i pé níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàjámọ̀ àti onídìrí pọ̀ sí, níbẹ̀ ni ẹyẹlé aláìníka pọ̀ sí. Níbi tí ọgbà igi pọ̀ sí, wọ́n dín kù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Paris, kí ni kí a wí nípa ìlú tiwa, níbi tí irun àtọwọ́dá àti òwú àwọn aránṣọ ń fẹ́ kiri ojú títì? Ẹyẹlé tí kò bá rí igi yóò ṣa ohun tí ó bá rí. Ní agboolé kan a rí ọmọ ẹyẹlé tí òwú ọ̀rá ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti èkejì rẹ̀, tí àwọn méjèèjì kò sì lè kúrò lójú kan. Ẹni tí ó ń kó igi sílẹ̀ fún ẹyẹ rẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ okùn.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí tábà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń kọ́ ọmọdé ní fífà rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń sin ẹyẹlé ní Amẹ́ríkà àti ní Bẹ́ljíọ̀mù ti ń fi ọ̀pá ewé tábà gbígbẹ fún wọn kọ́ ìtẹ́, nítorí pé ó le, òórùn rẹ̀ sì ń lé kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ní ọdún 2013 àwọn onímọ̀ ní ìlú Mẹ́síkò fi hàn pé àwọn ológoṣẹ́ ibẹ̀ ń kó ìdí sìgá tí a ti fà sínú ìtẹ́, pé bí ó ti pọ̀ tó níbẹ̀ ni kòkòrò ń dín kù tó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014 wọ́n fi kún un pé májèlé inú rẹ̀ ń ba ara ẹyẹ náà jẹ́. Nítorí náà, ìdí sìgá kò yẹ rárá. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìsẹ́yìn tí ń gbin tábà ní ọ̀pá rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín ẹyọ ìgbálẹ̀ ni a lè gbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ orúkọ tábà nínú agboolé rẹ̀ lè fi ewé dóńgóyárò gbígbẹ sí abẹ́ àpáàdì, bí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi í sínú àpò ọkà nítorí kòkòrò.

Kí ìtẹ́ tọkọtaya kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì, nítorí pé abo a máa tún yé kí àwọn ọmọ ìṣáájú tó kúrò, bí kò bá sì rí àyè mìíràn yóò yé lé wọn lórí. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti fò, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, kí a sun ìtẹ́ àtijọ́ níná, kí a fọ àpáàdì, kí a sì sá a sí oòrùn. Kí ẹni tí yóò gbá a fi aṣọ bo imú, nítorí pé eruku ìgbẹ́ ẹyẹlé a máa ba ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn jẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù láti kó igi àti koríko jọ. Kí a so wọ́n ní ìtí, kí a sì fi sí àjà ilé ìdáná, kí èéfín lè mú wọn gbẹ di ìgbà òjò, nígbà tí kò sí ohun gbígbẹ kan ní ìta tí ẹyẹlé lè ṣà. Láti ibẹ̀ ni kí a ti máa bu díẹ̀díẹ̀ sí igun ilé ẹyẹlé, ní ilẹ̀, níbi tí akọ ti lè rí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kó o sínú àpáàdì.