"Kò gbọdọ̀" yàtọ̀ sí "kò pọn dandan"

Àwa la jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá onílé wa ní Ìkọ̀lé gba oògùn bọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní kí a bá òun ka ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé kì í ṣe ọ̀ranyàn kí èèyàn jẹun kó tó lò ó. Ọ̀kan nínú wa sáré túmọ̀ rẹ̀: "Màmá, ẹ kò gbọdọ̀ jẹun kí ẹ tó lò ó."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá fi ń fara da ebi láràárọ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ fún wa pé oògùn yìí mà ń kọ́ àwọn ní ààwẹ̀ la tó padà lọ ka ìwé náà.

A kò lè sọ pé a kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá wa ni a kò fara balẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. "Ẹ gbọ́dọ̀ jẹun": àṣẹ nìyẹn. "Ẹ kò gbọdọ̀ jẹun": èèwọ̀ nìyẹn. "Kò pọn dandan kí ẹ jẹun": èyí kì í ṣe àṣẹ, kì í sì í ṣe èèwọ̀, ó kù sọ́wọ́ yín. Tí a bá fi "kò" ṣáájú "gbọ́dọ̀", àṣẹ náà kò kúrò nílẹ̀ o, ńṣe ló yíjú sí òdìkejì. Àgbàlagbà tó bá sì gbọ́ "kò gbọdọ̀" lẹ́nu ọmọ tó kàwé kì í bèèrè ìdí. Wọ́n kà á sí èèwọ̀, wọ́n sì pa á mọ́.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní Ọyẹ́, tó ń fi fóònù kọ́ èdè Japan nítorí àwọn eré àwòrán wọn, ló là wá lójú sí i. Ó ní nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn ará Japan kì í sábà fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ "gbọ́dọ̀". Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé dandan ni kí èèyàn jẹun, wọ́n á ní "tabenakereba naranai": bí kò bá jẹun, kò ní ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ èèwọ̀, wọ́n á ní "tabete wa ikenai": bó bá jẹun, kò ní dára. Tó bá jẹ́ pé kò pọn dandan, wọ́n á ní "tabenakute mo ii": bí kò tilẹ̀ jẹun, ó dára.

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la rántí pé àwa náà ń sọ ọ́: "Bí ẹ ò tiẹ̀ jẹun, kò burú." Ṣebí a tún máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé "Ẹ má ṣàì wá", tí a fi kíkọ̀ méjì sọ dandan! Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè ní apòògùn ló yẹ kí Màmá bi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa ni wọ́n bi. Láti ọdún 2011 tí yunifásítì ti wà ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, akẹ́kọ̀ọ́ ni ògbufọ̀ tó sún mọ́ ọ̀pọ̀ onílé jù lọ: ìwé báǹkì, fọ́ọ̀mù ìjọba, ìwé tí wọ́n gbà bọ̀ láti ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ìdó. Tí a bá ṣì í túmọ̀, ara àgbàlagbà ló máa jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó la ẹnu, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé àṣẹ ni, ṣé èèwọ̀ ni, àbí ó kù sọ́wọ́ ẹni? Ẹ sọ ọ́ lọ́nà méjì, kí ẹ sì ní kí ẹni náà tún un sọ fún yín. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi "gbọ́dọ̀" sílẹ̀ láìkọ́ wa ní ohun tí "kò" ń ṣe sí i.

Màmá ti ń jẹun láàárọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ka ìwé kankan fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wò wá lójú: "Ṣé kò gbọdọ̀ ni, àbí kò pọn dandan?"