Ìbọ Tẹlifíṣọ̀n

Ní 1987, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba Íńdíà ń fi eré Ramayan hàn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kan a wẹ̀, wọn a fi òdòdó ṣe ẹ̀rọ náà lọ́ṣọ̀ọ́ kí wọ́n tó jókòó. N kò bá wọn jà. Òrìṣà ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ta ló gbé kíríkẹ́ẹ̀tì sórí pẹpẹ yẹn? Góòlù Òlíńpíìkì 8 ni họ́kì gbà fún wọn, kò rí irú ìbọ bẹ́ẹ̀. Ní 1982, ọdún tí tẹlifíṣọ̀n wọn di aláwọ̀, Pakistan fi ayò 7 sí 1 nà án ní Delhi lójú gbogbo ilé. Nígbà tó di 1983, kíríkẹ́ẹ̀tì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, ó di àyànfẹ́. Ìbọ àìmoore ni mo pè é. Òun náà kò kúkú sàn fún àyànfẹ́ ọ̀hún: ní Kolkata, 1996, bí Sri Lanka ti fẹ́ borí, àwọn olùjọsìn ju ìgò, wọ́n dáná sun ìjókòó, títí adarí eré fi gbé ìborí fún àlejò.