Ìlà Tààrà Kò Kọ Èdè Yorùbá

Ẹ̀yin ọlọ́lá, àwọn kan ṣì ń wí pé áljẹ́brà kò ṣeé fi Yorùbá kọ́ni. Irọ́ gbáà! Ẹ wo y = 2x + 3. Ní 3 ni ìlà náà gé ìlà òòró. Níbẹ̀ ni kí ọmọ kọ́kọ́ fi àmì sí. 2 ni ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀: kí ó sún 1 sí ọ̀tún, kí ó gun 2 sókè, kí ó tún fi àmì sí i, kí ó sì fi rúlà so méjèèjì pọ̀. Èwo ni ó ṣòro níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ọmọ wa ń ké slope bí odídẹrẹ́, kò mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ó ń gùn ni. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí ni ẹ ń dúró dè?